Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí àsẹ́lẹ̀rétọ̀, ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mi ò gbà

ỌmọOníjàpá

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, tí bàbá mi fi sílẹ̀ lọ ni mo ń bá yí láti ọdún tó kọjá. 1976 ló wà nínú ìwé rẹ̀, Ọ̀jọ́ ní Èkó níbí ni wọ́n ti tò ó, ọwọ́ òsì ni awakọ̀ ń jókòó sí. Ẹ́ńjìnnì tó bá a wáyé kọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí. Bàbá ti fi ẹ́ńjìnnì 1600cc pààrọ̀ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Kábúrẹ́tọ̀ orí rẹ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, jẹ́ Solex 34 PICT-3, mo fi tọ́ọ̀ṣì kà á lára rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe rèé. Tí mo bá tẹná tí mo gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ́ńjìnnì kì í sọ̀ kalẹ̀. Á ṣì máa ké lọ. Nígbà mìíràn á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, nígbà mìíràn àfi kí n fi orí ẹsẹ̀ gbé àsẹ́lẹ̀rétọ̀ sókè. Bí mo bá ń pààrọ̀ jíà, ariwo rẹ̀ ń mú kí àwọn ọlọ́kadà máa wò mí bí ẹni tó ń ṣe fáàrí. Tó bá wá gbóná, sílò rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ láì tẹná, ò ní ibùdó: á lọ sókè, á wá sílẹ̀, ó sì ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mẹkáníìkì àdúgbò ti yí gbogbo síkúrù tó rí lára kábúrẹ́tọ̀. Ó dáa fún ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì ó burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bàbá Sípánà, Ìbàdàn

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún fọwọ́ kan síkúrù kankan. Ìyẹn la fi máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, gbé rọ́bà tàbí kápẹ́ẹ̀tì ìdí ẹsẹ̀ rẹ kúrò pátápátá, kí o tún un wà. Má rẹ́rìn-ín. Mo ti rí ẹni tó tú kábúrẹ́tọ̀ palẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé etí kápẹ́ẹ̀tì ló ń di àsẹ́lẹ̀rétọ̀ rẹ̀ mú.

Tí kì í bá ṣe ìyẹn, àrùn méjì lo kó sínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan lè wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ àti kábúrẹ́tọ̀. Èkejì lè wà lára kábúrẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tí ò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ á kàn máa yí síkúrù kiri ni, bí mẹkáníìkì rẹ yẹn. Wà á títí á fi gbóná dáadáa, pa á, ṣí ìdérí ẹ̀yìn. Wo ibi tí wáyà àsẹ́lẹ̀rétọ̀ ti yọ lára ilé fáànù, tó wọ inú irin róbótó kékeré létí apá kábúrẹ́tọ̀. Síkúrù kan ló dì í mú níbẹ̀. Dẹ síkúrù náà, fa wáyà kúrò. Fi ìka ti apá náà dé òpin, kí o fi í sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó gbọ́dọ̀ padà kó dún "kọ́". Bó bá ń wọ́ padà bí arúgbó tó ń wá ìjókòó, sípíríìngì rẹ̀ ti kú tàbí ọ̀pá tọ́tù, èyí tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú kábúrẹ́tọ̀, ti há. Bó bá dún "kọ́", kábúrẹ́tọ̀ ò jẹ̀bi ẹsẹ̀ tí kò padà. Wá lọ síwájú, kí ẹnì kejì di wáyà mú lẹ́yìn kó rọra máa fà á, ìwọ máa fi ọwọ́ tẹ àsẹ́lẹ̀rétọ̀. Ó yẹ kó lọ bọ̀rọ́bọ̀rọ́. Tó bá ń gán, wáyà ni, tàbí ihò tó ń gbà.

Ṣe é, kí o wá sọ ohun tó o rí.

Jagun_Lẹ́kí

Kí lẹ ń dà á láàmú sí? Ẹ so sípíríìngì kejì mọ́ apá kábúrẹ́tọ̀, á máa fà á padà tipátipá. Ohun tí mo ṣe sí tèmi nìyẹn. Tàbí kẹ́ ẹ ra kábúrẹ́tọ̀ tuntun ti Ṣáínà kí ẹ sinmi.

Bàbá Sípánà, Ìbàdàn

Jagun, sípíríìngì kejì kì í wo wáyà tó ká sàn, ńṣe ló ń bo ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Á mú kí ẹsẹ̀ wúwo, á sì máa fi agbára fa wáyà kọjá ibi tó ti ń já lọ. Lọ́jọ́ tó bá já tán, ojú títì lo máa wà. Ní ti kábúrẹ́tọ̀ tuntun, Solex àtijọ́ tí ara rẹ̀ ṣì le sàn lójú mi ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà lónìí lọ.

ỌmọOníjàpá

Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti ṣe é. Kápẹ́ẹ̀tì kọ́. Nígbà tí mo tú wáyà, apá kábúrẹ́tọ̀ ń padà kíákíá, àmọ́ kò dé ìdí. Síkúrù kan wà lókè rẹ̀ tó ń jókòó lórí irin kékeré tó rí bí àkàsọ̀, ó dúró lórí àkàsọ̀ àárín. Bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì ti gbóná o, mo ti wà á fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Ní ti wáyà, àbúrò mi ló bá mi dì í mú lẹ́yìn. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun ń fa okùn kànga.

Màmá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, kí ni wọ́n ṣe sí mọ́tò yẹn gbẹ̀yìn kí àìsàn yìí tó bẹ̀rẹ̀? Rò ó dáadáa. O ò sọ ọ́.

Kí o tó dáhùn, jẹ́ kí n sọ èyí, nítorí mo rí i pé o ṣì ń wà á. Ní 1981, èmi àtàwọn ọmọ mi méjì ń bọ̀ láti Èkó nínú Ìjàpá, a ti fẹ́ wọ Ìtòrí nígbà tí wáyà há mọ́ ibi tí mo tẹ̀ ẹ́ dé. Mọ́tò ń sáré lọ, ẹsẹ̀ mi ò sí níbẹ̀. Mo tẹ kúlọ́ọ̀ṣì, ẹ́ńjìnnì ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ, mo bá pa kọ́kọ́rọ́. Ìjàpá ò ní ẹ̀rọ tó ń bá èèyàn tẹ búréèkì, kò sì ní èyí tó ń bá èèyàn yí sìtíárì, nítorí náà bí ẹ́ńjìnnì bá kú, agbára tó o fi ń tẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀ náà lo máa fi tẹ̀ ẹ́. Ohun tí kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ ni kí o yí kọ́kọ́rọ́ padà dé ibi tó ti ń yọ jáde. Sìtíárì lè tì mọ́ ọ lọ́wọ́ níbẹ̀. Pa á, fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ síbẹ̀, darí mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Àwọn ọmọ mi rò pé eré ni mo ń ṣe. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tún un ṣe.

Títí wọ́n á fi bá ọ rí ìdí rẹ̀, jẹ́ kó wà nílé.

ỌmọOníjàpá

Ẹ ṣé, màmá. Mo ti gbé e sílé láti àná.

Ẹ gbà mí, mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí rárá: wọ́n pààrọ̀ díìsìkì kúlọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan sẹ́yìn. Wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀.

Bàbá Sípánà, Ìbàdàn

Háà! Màmá, ẹ ṣeun. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ọmọ mi, wo ọ̀nà tí wáyà yẹn ń gbà. Ó lé ní mítà méjì àbọ̀. Láti ìdí àsẹ́lẹ̀rétọ̀ ló ti wọ páìpù tó gba àárín ilẹ̀ mọ́tò lọ sẹ́yìn. Ó yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíábọ́ọ̀sì, ó wọ inú rọ́bà gígùn kan, rọ́bà yẹn gbé e dé ara irin tó bo iwájú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ ló ti wọ páìpù mìíràn tó la ilé fáànù já, kó tó wá dé kábúrẹ́tọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ gbọ́dọ̀ tú wáyà náà kó fà á gba iwájú ilé fáànù jáde. Ìgbà tí wọ́n bá wá ń ti ẹ́ńjìnnì padà ni wàhálà. Ojú gbogbo èèyàn á wà lára ọ̀pá jíábọ́ọ̀sì pé kó wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní rántí wáyà. Rọ́bà á há sáàárín ẹ́ńjìnnì àti jíábọ́ọ̀sì, tàbí kí wáyà ká lẹ́ẹ̀kan. Wáyà tó bá ti ká kì í gbàgbé. Nà án títí ilẹ̀ á fi ṣú, ibi tó ti ká yẹn náà ni á máa ti gán.

Gbé ẹ̀yìn mọ́tò sókè, kí o fi irin tó dúró ṣinṣin tì í nísàlẹ̀. Bó bá jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e, má wọ abẹ́ rẹ̀, mo bẹ̀ ọ́. Tan tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ẹ́ńjìnnì àti jíábọ́ọ̀sì ti pàdé, kí o wá rọ́bà yẹn rí. Bó bá ti tẹ̀ pẹlẹbẹ, o ti mú olè.

Bó o bá máa pààrọ̀ wáyà, iwájú lo ti máa fà á jáde. Ìkọ́ kan ló fi kọ́ ìdí àsẹ́lẹ̀rétọ̀: yọ ọ́, kí o wá máa fà á bọ̀ lẹ́yìn tó o bá ti tú ti ẹ̀yìn. Fi gíríìsì pa tuntun láti orí dé ìdí, kí o ti iwájú tì í wọlé, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn láti gbà á. Nígbà tó o bá ń mú un mọ́ kábúrẹ́tọ̀, kí àbúrò rẹ tẹ àsẹ́lẹ̀rétọ̀ délẹ̀ kó má gbẹ́sẹ̀. Ìwọ ti apá kábúrẹ́tọ̀ dé òpin, dá a padà bíi mílímítà kan, ibẹ̀ ni kí o ti mú síkúrù. Mílímítà kan yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí kò bá sí, gbogbo ìgbà tó o bá tẹná délẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ lo fi ń fa wáyà mọ́ ara irin, ọ̀kan nínú wọn á sì já.

Àkàndé_Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un.

Irin róbótó tó di wáyà mú létí apá kábúrẹ́tọ̀ yẹn gbọ́dọ̀ lè yí nínú ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá mú un le débi tí kò fi yí, ńṣe ni wáyà á máa tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀ níbi kan ṣoṣo, tí á sì já níbẹ̀, tuntun ì báà jẹ́. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi lẹ́ẹ̀mejì kí n tó kọ́gbọ́n.

Arákùnrin, bí ẹ bá ní kí ẹnì kan bá yín ra wáyà wá láti Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín, kó sọ fún wọn pé mọ́tò ọwọ́ òsì ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni tiwa níbí, gígùn wáyà wọn kì í sábà bára mu. Ó tún ń yàtọ̀ láti ọdún sí ọdún. Ẹ gbé ògbólógbòó dání, kí ẹ nà á sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun kí ẹ tó sanwó. Àwọn Ìjàpá tó wọ Nàìjíríà kí a tó yí sí apá ọ̀tún títì ní April 2, 1972 náà, ọwọ́ ọ̀tún ni púpọ̀ nínú wọn, torí náà bí ẹ bá rí wáyà tòkúnbọ̀ lọ́jà ẹ̀yà mọ́tò ní Ládípọ̀ tàbí ní Agodi Gate, ẹ má kàn rò pé tí ó bá ti jẹ́ ti Ìjàpá, ó parí.

Rewaya Mushin

Ọ̀gá mi, gbogbo èèyàn ti gbájú mọ́ wáyà ẹsẹ̀, wọ́n ti gbàgbé àkàsọ̀ tí ẹ sọ. Èkejì àrùn yín nìyẹn, iná ló sì ń fà á.

Irin alákàsọ̀ yẹn, ṣóòkù ló ni ín. Láàárọ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, tí ẹ bá tẹná lẹ́ẹ̀kan, ṣóòkù á pa ẹnu kábúrẹ́tọ̀ dé, irin yẹn á gbé tọ́tù dúró díẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Sípíríìngì kan wà nínú ilé róbótó dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrẹ́tọ̀. Iná bátìrì ló ń mú un gbóná. Bó ṣe ń gbóná, ṣóòkù ń ṣí, irin náà ń sọ̀ kalẹ̀ láti àkàsọ̀ kan sí èkejì. Bí ogójì ìṣẹ́jú bá kọjá tó ṣì wà lórí àkàsọ̀ àárín, iná ò dé ibẹ̀. Ẹ yọ ìdérí afẹ́fẹ́ kí ẹ wo ẹnu kábúrẹ́tọ̀: páálí irin tó wà níbẹ̀ yẹ kó ti dúró gán-ún-gán-ún nígbà yẹn.

Ẹ wo fááfù kékeré kan lára kábúrẹ́tọ̀ náà, wáyà kan wà lórí rẹ̀. Òun ló ń ṣí ọ̀nà epo sílò. Tòun ti ṣóòkù, ojú kan náà ni wọ́n ti ń gba iná, lára kọ́ìlì (èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná) níbi tí wọ́n kọ 15 sí. Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì, ẹ yọ wáyà fááfù yẹn, ẹ tún fi kàn án. Ó gbọ́dọ̀ dún "tíkì". Bí kò bá dún, iná ò dé àwọn méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò yín fi ń ké nígbà tí irin alákàsọ̀ gbé e dúró, tó sì ń kú nígbà tó bá wálẹ̀.

ỌmọOníjàpá

Kò dún "tíkì" o. Kò dún rárá. Mo wá tẹ̀lé wáyà náà dé ìdí kọ́ìlì: wọ́n ti gé e, wọ́n fi téèpù dúdú dì í lórí, wọ́n fi pamọ́ sẹ́yìn. Wáyà mìíràn ló wà ní ojú rẹ̀, ó lọ sí fèrè.

Rewaya Mushin

Ẹnì kan ló wá iná fún fèrè, tó rí i pé ibẹ̀ rọrùn. Ẹ yọ ti fèrè kúrò níbẹ̀, ẹ fún un ní fíúùsì tirẹ̀. Ẹ dá ti ṣóòkù padà sí 15. Ẹ má so ó mọ́ 1 o, ọ̀nà pọ́ìntì nìyẹn, ẹ́ńjìnnì ò ní ṣiṣẹ́ dáadáa.

Jagun_Lẹ́kí

Fèrè kẹ̀? Mọ́tò yìí lẹ̀rín.

Bàbá Sípánà, Ìbàdàn

Rewaya, o káre. Ojú wáyà ẹsẹ̀ ni mo ń wò, àkàsọ̀ yẹn kọjá lójú mi.

Ọmọ, lẹ́yìn tó o bá ti tún méjèèjì ṣe, a ṣẹ̀ṣẹ̀ lè wá sọ ọ̀rọ̀ síkúrù, nítorí mẹkáníìkì rẹ ti dà wọ́n rú. Lára 34 PICT-3, síkúrù tó wà lórí apá tọ́tù kì í ṣe ti sílò. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í, torí pé lára àwọn kábúrẹ́tọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń mú sílò. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, tí ṣóòkù ti ṣí tán, tú síkúrù yẹn sẹ́yìn títí kò fi kan irin alákàsọ̀ mọ́. Yí i padà wọlé títí á fi kan ibi tó lọ sílẹ̀ jù lára rẹ̀, fi ìdámẹ́rin ìyípo kún un, kí o fi í sílẹ̀ títí ayé.

Ní apá òsì kábúrẹ́tọ̀, síkúrù méjì wà, ńlá àti kékeré. Rọra yí kékeré wọlé dé ìdí. Má fi agbára sí i, ẹnu rẹ̀ mú, ó lè bàjẹ́. Tú u síta ní ìyípo méjì àbọ̀. Sítáàtì, kí o fi ńlá mú sílò sí nǹkan bí ìyípo 850 ní ìṣẹ́jú kan. Padà sí kékeré, yí i síta jẹ́jẹ́ títí ẹ́ńjìnnì á fi sáré dé ibi tó lè sáré dé, kí o wá yí i wọlé díẹ̀ títí wàá fi gbọ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa wálẹ̀. Fi ńlá dá a padà sí 850. Ó tán.

Bí sílò bá tún ń lọ sókè sódò lẹ́yìn gbogbo èyí, di ọ̀pá tọ́tù mú kí o mì ín. Bó bá ń mì lọ mì bọ̀ nínú ihò rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé. Fọ́n kábúrẹ́tọ̀ kílínà díẹ̀ sí i nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ìró rẹ̀ á yí padà. Kí ẹ́ńjìnnì má gbóná jù nígbà yẹn, epo ló wà nínú agolo yẹn, iná sì lè sọ. Wo rọ́bà tó so páìpù kábúrẹ́tọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì náà, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọ́n máa ń sán.

ỌmọOníjàpá

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Rọ́bà abẹ́ mọ́tò ti tẹ̀ pẹlẹbẹ bí ìgbà tí wọ́n fi òkúta lọ̀ ọ́. Wáyà inú rẹ̀ ti ká, okùn mẹ́ta lára rẹ̀ sì ti já. Ó kù díẹ̀ kó gé pátápátá. Mo rí wáyà tuntun ní Ládípọ̀. Ọ̀dọ̀ ọlọ́jà kejì ni mo ti rí i, ẹni àkọ́kọ́ fẹ́ ta ti ọ̀kadà fún mi, ó ní "wáyà ni wáyà". Mo na ògbólógbòó sílẹ̀ bí bọ̀dá Peckham ṣe wí, wọ́n dọ́gba. Rewaya, fááfù ti ń dún "tíkì", bí aago. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta irin alákàsọ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ tán. Àsẹ́lẹ̀rétọ̀ fúyẹ́ débi pé mo tẹ̀ ẹ́ jù nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e jáde.

Ohun kan ló kù. Tí mo bá tẹná lójijì, á kọ́kọ́ dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ọ̀rọ̀, kó tó wá gbéra.

Àkàndé_Peckham

Pọ́ǹpù kékeré ara kábúrẹ́tọ̀ nìyẹn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wo inú ẹnu kábúrẹ́tọ̀, ẹ fọwọ́ ti tọ́tù. Epo gbọ́dọ̀ tú jáde fíí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bó bá ń kán tò tò, ẹ tú ìdérí onísíkúrù mẹ́rin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ti gan. Níbí, láti September 2021 tí wọ́n ti ń ta epo E10, ọtí tó wà nínú rẹ̀ ń jẹ rọ́bà àtijọ́ wọ̀nyí bí ẹní jẹ gúgúrú. Ní Bràsíl tí wọ́n ń pè é ní Fusca, tí wọ́n ṣì ṣe é títí di 1996, ọtí ti pẹ́ nínú epo wọn, ẹ lè bá rọ́bà tó lè gbà á pàdé níbẹ̀.

ỌmọOníjàpá

Ó ń kán tò tò. Mo ṣí i: rọ́bà náà le bí awọ gángan. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ó ti ń gbéra.

Màmá Olùkọ́, Abẹ́òkúta

Gbé e wá sí Abẹ́òkúta kí n wà á wò.

ỌmọOníjàpá

Màmá, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Tí mo bá tẹ búréèkì, ó ń fà sí ọ̀tún.

Bàbá Sípánà, Ìbàdàn

Ṣí ojú ìwé mìíràn fún ìyẹn. Kí o sì kọ ohun tí wọ́n ṣe sí i gbẹ̀yìn sí ìlà àkọ́kọ́.